Ohùn Tó Dáhùn Nísàlẹ̀ Àkàbà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ tẹjú mọ́ fóònù, tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ kọ́, ẹ gbójú sókè díẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún yín tẹ̀rín-tẹ̀rín, kó má baà lé yín sá. N ó rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín bá wà, ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí pé ó pọ̀. Púlọ́ńbà ni mí. Ràṣíìdì lorúkọ mi, ọmọ Ìgbògbò. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ mí jù ni sólà omi, ìyẹn táǹkì àti dígí tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé kí oòrùn lè máa bá wọn gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ọ̀pọ̀ wọn ni mo gbé gòkè. Nígbà tó yá, èmi náà ni wọ́n ń pè kí n wá sọ wọ́n kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà ò gùn. Bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ṣẹ́ télọ̀, àmọ́ oorun ni mo máa ń sùn ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Owó tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ náà tó mi jẹ, ó sì tó mi kọ́lé tí mò ń gbé. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀gá Jóòbù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ìlàjẹ ni, ọmọ apẹja. Bàbá rẹ̀ ló tukọ̀ wá láti etí òkun Oǹdó wá tẹ̀dó sí etí ọ̀sà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ Jóòbù onísùúrù. Ẹni tó sọ ọ̀gá mi ní orúkọ yẹn ò tíì rí i níbi tí páìpù ti ń jò. Tí inú bá bí i, èdè Ìlàjẹ ló máa ń fi bú wa, tí a ò sì ní gbọ́ ju ìdajì lọ. Ìdajì yẹn náà ti tó.

Èmi àti Lásísì, ọmọ Lásunwọ̀n, la jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Irin ni páìpù nígbà náà. A máa ń fi dáì, irin eléyín tí a ń yí, ya ìlà sí ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́, kí páìpù méjì lè yí wọnú ara wọn, a ó wá fi òwú àti ọ̀dà dí ojú ibẹ̀ kó má jò. Tí o bá so páìpù tán, Ọ̀gá Jóòbù ò ní bẹ̀ ẹ́ wò. Á ní kí o lọ wọ aṣọ tó dára jù tí o ní, kí o wá jókòó sábẹ́ ibi tí o so, kó tó ṣí omi. Bùbá tí ìyá mi rán fún mi fún Iléyá, abẹ́ páìpù ló bàjẹ́ sí. Pupa dógùn-ún ò ṣeé fọ̀ kúrò lára aṣọ funfun. Ti Lásísì ò rin rí. Ọwọ́ tirẹ̀ mọ iṣẹ́ débi pé ó máa ń jókòó sábẹ́ páìpù pẹ̀lú fìlà, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí mo ti ń gbọn omi dànù.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n," ni ọ̀gá wa máa ń wí, kó tó pariwo mọ́ wa pé a ti ń pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kì í fi ṣeré. Tí ẹnì kan bá wà lókè tó fẹ́ tú nǹkan olómi, tí ẹnì kejì sì wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ń gbà jáde, ẹni òkè á pe, "Omi o!" Bí omi bá ṣì ń dà, ẹni ìsàlẹ̀ á ní, "Ó ń dà!" Bí omi bá ti gbẹ pátápátá, á ní, "Ó ti tán!" Bí kò bá sí èsì, ẹni òkè ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, ì báà jókòó síbẹ̀ di alẹ́. Ọ̀gá ní orí omi lòun ti kọ́ ọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó wà lẹ́yìn kì í fa àwọ̀n títí ẹni iwájú á fi dá a lóhùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà lára omi náà nìkan ló gbọ́dọ̀ dáhùn, kò sí ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún wa níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó gbọ́ "Omi o!", ó bá fi ẹ̀fẹ̀ dáhùn pé, "Ó ti tán!" Ọ̀gá Jóòbù sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé, ó bo oúnjẹ náà padà, ó ní kó gbé e lọ sílé. Lójú mi nígbà náà, ìkà ni. Mo rò pé kò yẹ kéèyàn bínú tó bẹ́ẹ̀ sí obìnrin tó rìn nínú oòrùn kó tó gbé oúnjẹ dé.

Ọ̀gá ti kú báyìí. Ọlọ́run bá wa fọ̀run kẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn tí a gba fúríìdọ̀m, èmi àti Lásísì ò pínyà. A jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Irinṣẹ́ ń yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Páìpù irin lọ, ti oníke dé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rárá wá lè ra gọ́ọ̀mù kó máa pe ara rẹ̀ ní púlọ́ńbà. Nígbà tó tún yá, wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù oníná yọ́ pọ̀ dé. Mi ò bá irinṣẹ́ jà o. Áyọ́ọ̀nù yẹn gbà mí lọ́wọ́ dáì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léjìká. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí irinṣẹ́ ṣe ń rọrùn tó ni àwọn èèyàn ń rò pé iṣẹ́ ti tán nínú iṣẹ́. Ẹnì kan á wo fídíò lórí fóònù láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, ó ti wà lórí òrùlé olórùlé. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Sólà omi ló gbé èmi àti Lásísì ga. Àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù tó kó wá sí àwọn ẹ̀sítéètì wa ni wọ́n ń rà á. Wọ́n gbọ́dọ̀ jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n tó lè bá iṣẹ́ ní Èkó, omi tútù ìdájí ò sì bá wọn lára mu. Táǹkì tí oòrùn ti sè láti àná á ṣì gbóná nígbà tí wọ́n bá jí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ omi ẹ̀rọ tí a ń fà lábẹ́ ilẹ̀ lágbègbè wa pọ́n, ó ní dógùn-ún nínú, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń dí inú páìpù. Nígbà tí ìnfátà wá gbòde, tí oníkálukú ń wá àyè lórí òrùlé fún pátákó iná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá pé ká wá kó táǹkì wa lọ. Èèyàn á máa tú ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so. Kò dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Onílé yẹn ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun sì ni alága ẹ̀sítéètì wọn. Dádì ni gbogbo wọn ń pè é, àwa náà sì pè é bẹ́ẹ̀. Sólà omi orí ilé rẹ̀ ti gbó, ó sì fẹ́ kí àwọn oníìnfátà gbé pátákó tiwọn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí a bá sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn yẹn ti dé kí àwa tó dé. Wọ́n jókòó lé páálí wọn nínú ọgbà, wọ́n ń wò wá.

Àwa mẹ́ta la lọ. Lásísì wà lórí òrùlé nídìí táǹkì. Mudaṣírù àbúrò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, nídìí páìpù tí omi inú táǹkì á gbà jáde. Mudaṣírù kì í ṣe ọmọdé o. Ọkùnrin tó ti níyàwó, tó ti bímọ, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ kọ́ níṣẹ́ ni. Èmi wà ní balùwẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mò ń tú páìpù ti inú ilé, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

Mudaṣírù ṣí ẹnu páìpù ìsàlẹ̀. Omi pupa sáré jáde díẹ̀, ó sì dá. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á sọ pé táǹkì ti gbẹ. Kò gbẹ. Dógùn-ún ló dí ọ̀nà. Táǹkì kún dẹ́nu, oòrùn sì ti ń sè é láti àárọ̀. Òwú tí wọ́n fi wé irú táǹkì bẹ́ẹ̀ nínú kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná síta, torí náà ọwọ́ Lásísì ò lè sọ nǹkan kan fún un. Èsì láti ìsàlẹ̀ nìkan ló ní. Mudaṣírù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gún inú páìpù.

Lásísì pè látòkè pé, "Omi o!"

Mudaṣírù ò dáhùn, ó ń gún páìpù lọ. Bó ṣe yẹ kó ṣe náà nìyẹn.

Dádì dúró tì í nínú oòrùn, ó wọ jàlàbíà funfun, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Lásísì tún pè. Mo gbọ́ ohùn Dádì kedere lójú fèrèsé.

"Ó ti tán! Ó ti tán jàre! Ẹ máa tú u!"

Mudaṣírù ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n..."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni? Omi wo lo tún rí níbẹ̀?"

Àwọn oníìnfátà ń wo Mudaṣírù. Èmi náà ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí ìyá rẹ̀ ti fi pàṣán kọ́ pé a kì í já àgbà nírọ́ lójú àwùjọ, kí ni ẹ rò pé ó máa sọ?

Ó ní, "Rárá o, sà. Ẹ má bínú, sà."

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, kò jẹ́ kí ẹni òkè mọ ohùn ẹni tó dáhùn. Ohun tí Lásísì gbọ́ lókè ni "Ó ti tán", èyí tó sì ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe wa nìyẹn. Mo yọ orí lójú fèrèsé, mo la ẹnu pé kó má fọwọ́ kàn án. Ó ti tú nọ́ọ̀tì.

Omi náà ò dà, ṣe ló fò jáde. Apá ọ̀tún ló bá a, àti àyà. Kò ṣubú, torí pé ó rọ̀ mọ́ igi òrùlé. Apá tó ń bó yẹn náà ló fi rọ̀ mọ́ ọn títí mo fi gba ojú fèrèsé gun òrùlé, tí mo gbá a mú ní bẹ́líìtì. Igbe tó ké, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi.

Dádì fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù, òun náà ló san gbogbo owó ibẹ̀. Mo ní láti sọ ìyẹn, kí ẹ má baà ní mo bo rere mọ́lẹ̀. Ara Lásísì jinná. Ọwọ́ ni kò jinná. Iṣan rẹ̀ sún kì, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò sì nà mọ́. Ọwọ́ tí aṣọ ò fi rin rí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó bi àbúrò rẹ̀ pé, "Mudaṣírù, ìwọ lo dáhùn?"

Mudaṣírù wo Dádì tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Dádì tó ń sanwó oògùn. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

Dádì gbọ́. Dádì ò wí nǹkan kan.

Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìtàn ti dé Ìkòròdú ṣáájú wa. Bí Dádì ṣe ń sọ ọ́ kiri ni pé ọmọ tó wà nísàlẹ̀ ló ṣàṣìṣe. Àwọn púlọ́ńbà ẹgbẹ́ wa sọ Mudaṣírù lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ó-ti-tán. Tó bá dé ibi iṣẹ́, ẹni tó wà lókè á ní òun ò fẹ́ kí ẹni yẹn wà nísàlẹ̀ òun. Kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Lásísì ò sì bá a sọ̀rọ̀. Àwọn méjì tí ìyá kan náà bí, tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan náà ní Lásunwọ̀n, wọ́n ń kọjá lára ara wọn bí àlejò.

Mo sọ ohun tí mo gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ẹgbẹ́, mo sọ ọ́ fún àwọn àgbà. Wọ́n ní, "Ràṣíìdì, fi sílẹ̀. Àgbàlagbà ni. Kádàrá ni." Kádàrá! Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti gbé ẹ̀bi lọ fún Ọlọ́run, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní sọ̀kalẹ̀ wá jiyàn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló sì wọ́ ọ lórí. Mo sọ ọ́ fún Lásísì náà. Ó ní, "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Mudaṣírù ò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi?"  Mo kó spánà mi sínú àpò, mi ò tíì gbé e jáde láti ọjọ́ náà.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ gidi ni, mi ò lé yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Rárá" fún ẹni tó tó bí yín lọ́mọ. Ẹ kí i, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì tún sọ "Rárá" náà síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dára ni kéèyàn bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ tèmi. Àmọ́ omi gbígbóná ò mọ àgbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Lásísì ránṣẹ́ pè mí pé Dádì ń bọ̀ wá sílé òun pẹ̀lú àgbà méjì láti ẹ̀sítéètì. Mo rò pé ó fẹ́ jẹ́wọ́ ni. Inú mi tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Kò wá jẹ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀, ẹ sì gbọ́ ẹni tó wá bá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbé èso wá nínú páálí, wọ́n jókòó, wọ́n pe Mudaṣírù wọlé, wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Lásísì, àwa la wá bẹ̀ ọ́. Dádì ò sùn torí ìjà ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ ìyá ò gbọ́dọ̀ bá ara wọn ṣọ̀tá. Mudaṣírù ṣàṣìṣe, ta ni kì í ṣàṣìṣe? Torí tiwa, dárí jì í."

Dádì mi orí. "Torí tèmi, Lásísì," ló wí. "Mo bá a bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀jẹ̀ gùn mí lórí. Mo dìde dúró.

"Mudaṣírù," ni mo wí, "ta ló dáhùn lọ́jọ́ náà?"

Àgbà náà na ọwọ́ sí mi. "Ràṣíìdì, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, a ò wá ṣẹjọ́."

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Mudaṣírù. Ta ló dáhùn?"

Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀.  Mo rò pé á tún ní ká má bínú ni. Ó gbé orí sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

"Kì í ṣe èmi. Dádì ló dáhùn. Mo mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bi mí pé ṣé irọ́ làwọn ń pa, mo ní rárá o. Mi ò lè pe àgbà lópùrọ́ lójú àwọn èèyàn."

"Háà!" Àgbà kejì fò dìde. "Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́! Dádì lò ń nàka sí? Ẹni tó wá bá ẹ bẹ̀bẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ tó ní náà ló bó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá, sà," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà sinmi."

 Lásísì yí ojú sí Dádì. Kò pariwo.

"Dádì, ṣé ẹ̀yin ni?"

Dádì ń wo páálí èso tó gbé wá. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Oòrùn yẹn ti pọ̀ jù fún mi. Mo fẹ́ kí wọ́n tètè ṣe é tán kí n wọlé."

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo ti ń wá ìdí fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, mo rò pé ìdí kan á wà tó tóbi tó ọwọ́ èèyàn. Oòrùn ló ń pa Dádì.

Lásísì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi apá òsì gbé àbúrò rẹ̀ dìde nílẹ̀, ó sì mú un jókòó ti ara rẹ̀ lórí àga.  Mudaṣírù ń sunkún bí ọmọ kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ kó sunkún.

Dádì dìde láti lọ. Ó na ọwọ́ sí Lásísì kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lásísì na ọwọ́ òsì. Nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé èébú ńlá ni kéèyàn na ọwọ́ òsì sí àgbà. Àwọn àgbà méjèèjì gbé orí sókè, ọ̀kan la ẹnu láti bá a wí. Ó wá rí ọwọ́ ọ̀tún tó ká wọnú ara rẹ̀ lórí itan Lásísì, ó sì pa ẹnu dé. Dádì wo ọwọ́ òsì náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbà á.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó na ọwọ́ sí èmi náà. Ọwọ́ ọ̀tún mi dá ṣáká, kò sí ohun tó ṣe é. Mo fi í sápò.